Alángbá Ò Lè Wúkọ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Òbí Sọ Lórí Òtútù Àyà Alángbá Onírùngbọ̀n

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́ yìí, fún àwọn òbí tí ò ráyè wá sí ìpàdé wa ọjọ́ Sátidé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Alága ló ní kí n wá, torí ilé mẹ́ta ni mo mọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa báyìí tó ń sin bearded dragon, alángbá onírùngbọ̀n yẹn, fún ọmọ, ilé kẹrin ń bọ̀ lọ́nà torí ọmọ wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn láti Kérésì. Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko o. Ìyá ọmọ ni mí, ọ̀kan wà nílé mi, ó ṣàìsàn, díẹ̀ ló kù kó kú mọ́ wa lọ́wọ́, ohun tí ojú mi rí àti ohun tí dókítà kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mo sì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ èèyàn nìkan ni wọ́n ń fi sọ. Ìgbà tí alángbá ọmọ mi danú délẹ̀ níwájú mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan, tí mò ń gba ibẹ̀ kọjá lọ kíṣìnnì, tí mò ń wò ó, tí mi ò mọ̀ pé kò lè mí dáadáa, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé alángbá gan-an ni wọ́n wò kí wọ́n tó pa òwe náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹranko tó jẹ́. Àwọn ọmọ ń pè é ní beardie, èmi ń pè é ní alángbá onírùngbọ̀n, mọ̀lẹ́bí alángbá orí ògiri wa ni lóòótọ́, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí, Agamidae ni wọ́n ń pe ìdílé yẹn. Ẹ wo akọ rẹ̀ bó ṣe ń mi orí, gẹ́lẹ́ bí akọ alángbá olórí pupa ṣe ń ṣe lórí fẹ́ǹsì nílé. Irùngbọ̀n tí wọ́n ń sọ yẹn, awọ ẹlẹ́gùn-ún ni lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀, ó lè fẹ̀ ẹ́, tí inú bá ń bí i tàbí tí ara ò bá dẹ̀ ẹ́, á dúdú bí èédú. Tó bá dàgbà tán ó máa ń gùn tó 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, orí dé ìrù, ìrù ló sì gba bí ìdajì.

Àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni ilé rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ò gbà kí èèyàn máa kó ẹranko ilẹ̀ wọn jáde lọ tà, nítorí náà àwọn tó wà nílé wa níbí, àwọn tí wọ́n bí sọ́wọ́ èèyàn ni, ìran wọn ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n ara wọn ò gbàgbé ilé. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, oòrùn ibẹ̀ ń jó èèyàn lọ́sàn-án. Òru ibẹ̀ máa ń tutù náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹranko yìí ò mọ òtútù rí, ṣùgbọ́n òtútù gbígbẹ ni, bí ọyẹ́ tiwa, tí oòrùn á yọ láàárọ̀, tí á gorí òkúta, tí ara rẹ̀ á tún yá. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò rí bẹ́ẹ̀. Omi wà nínú tibí. Ògiri ń làágùn, fèrèsé ń sunkún, aṣọ á gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ. Inú ìyàtọ̀ òtútù méjèèjì yìí ni àìsàn Jẹ́jẹ́ ti wá.

Jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ tí a gbé e délé, kò sí ohun míì lẹ́nu mi ju "jẹ́jẹ́ o, gbé e jẹ́jẹ́."

Oṣù Kọkànlá ni. Ẹ mọ bí owó iná ṣe rí níjọ́sí, mítà tí a ń rọ owó sí la ní, mo sì ń wo owó yẹn bó ṣe ń sáré. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa hítà òru Jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa bá ti lọ sùn, mo ní ṣebí gbogbo ilé náà ló tutù, a ò kú. Pàlọ̀ kan náà tí ilé gíláàsì rẹ̀ wà ni mo máa ń sá aṣọ sí, irin tí a fi ń sá aṣọ yẹn fara kan ilé rẹ̀ báyìí, ṣòkòtò jeans, táwẹ̀lì, aṣọ ilé ìwé, gbogbo omi inú wọn ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tí ẹran yẹn ń mí sínú. Èmi ni mo ṣe é. Mi ò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi ni.

Ó kọ́kọ́ dín oúnjẹ kù. Eéṣú tó máa ń lé kiri bí ọmọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù, ó kàn ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó ń dijú lọ́sàn-án. Mo ní ó fẹ́ sun oorun ìgbà òtútù ni, torí mo ti gbọ́ pé àgbà wọn máa ń sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọjọ́ bá ti kúrú, òótọ́ sì ni, ó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé oorun yẹn kì í mú omi jáde nímú.

Ọmọ ló rí i. Ó ní, "Mọ́mì, imú Jẹ́jẹ́ ń hó." Mo tan iná fóònù sí i. Ìfófòó kan wà ní ihò imú ọ̀tún, kò ju orí pín-ìn-nì lọ, ó fẹ̀ díẹ̀, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí omi ti mu dé ọrùn, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, apá ibi tó tutù nínú ilé rẹ̀ ló sì wà, kì í ṣe abẹ́ iná. Mo fi etí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi gbígbẹ kéékèèké lókèèrè, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, ó ń bá èémí rẹ̀ lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ sórí ẹnu yíyà yẹn, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa lọ sílé lónìí, á rí alángbá ọmọ rẹ̀ tó lanu, á sì pariwo. Tó bá wà lábẹ́ iná tó ń yá oòrùn, tó lanu kalẹ̀, tí ojú rẹ̀ là kedere, ooru ló ń tú jáde, bí ajá ṣe ń yọ ahọ́n. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni èyí tó lanu níbi tó tutù, tàbí lálẹ́ tí iná ti kú, tàbí tó ń na ọrùn sókè kó tó lè fa èémí, tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú tó ń rọ, tí itọ́ tó ki ń fà láàárín ètè òkè àti ìsàlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ di ọ̀la.

Kí ló dé tó fi máa ń burú tó bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀? Èmi àti ẹ̀yin, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí wa láyà, a óò wúkọ́, á jáde. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wa tó ya àyà kúrò lára ikùn, ó wà lára ohun tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ jáde tagbáratagbára. Alángbá ò ní in. Iṣan ìhà rẹ̀ ló fi ń mí, kò sì ní agbára tí yóò fi wú ikọ́ gidi. Ohun tó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Ọyún tiwọn náà kì í ṣàn bíi tiwa, ó máa ń ki, ó máa ń dì bíi wàràkàṣì. Kò sí ikọ́ tí yóò jí yín lóru, kò sí ẹkún, kò sí "Mọ́mì, àyà ń dùn mí." Yàtọ̀ síyẹn, ẹran tí ẹran ńlá ń pa jẹ nínú igbó ni, tó bá fi àìsàn hàn wọ́n á gbé e lọ, nítorí náà bíbò ló máa ń bò ó mọ́ra títí agbára rẹ̀ á fi tán.

Ẹ tún wo orúkọ tí àwa Yorùbá ń pe pneumonia. Òtútù àyà. Dókítà á sọ fún yín pé tènìyàn, kòkòrò àìsàn ló ń fà á, òtútù nìkan kọ́. Lórí alángbá onírùngbọ̀n, orúkọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu ju bó ṣe bá wa mu lọ. Àwa ní iná tiwa nínú, tí ẹ bá dúró sínú yìnyín fún wákàtí kan, inú yín á ṣì wà ní 37. Alángbá ò dá iná tirẹ̀. Ooru tó bá rí níta ni ooru tó ní. Tí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀, ohun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà á rọ. Kòkòrò yẹn ti lè wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, òtútù àti ọ̀rinrin ló máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Ilé ìwòsàn ẹranko àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, ajá àti ológbò ni iṣẹ́ wọn jù. Ẹni tó wò ó níbẹ̀ ní ó jọ pé ó fẹ́ sùn ni, ká mú un lọ sílé, ká máa wò ó. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti fẹ́ ra ẹran yìí, kí ẹ tó sanwó rẹ̀, ẹ ti wá dókítà tó ń tọ́jú ẹranko afàyàfà, kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ń ṣe é. RCVS, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà ẹranko sílẹ̀ níbí, ní ibi tí èèyàn ti lè wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Find a Vet ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sára fíríìjì. Kì í ṣe alẹ́ tí ẹran ń jà fún èémí lèèyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nọ́ńbà.

Dókítà kejì ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí. Mélòó ni ooru ibi tó ti ń yá oòrùn? Mélòó ni apá tó tutù? Lálẹ́ ńkọ́? Ọ̀rinrin ńkọ́? Iná UVB yẹn, èyí tó ń ṣe bí ìtànṣán oòrùn fún ẹran, ìgbà wo lẹ ra á? Mi ò lè dáhùn ọ̀kan. Mo ní tẹmómítà o, èyí tó rí róbótó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó sì máa ń sọ 35 fún mi lójoojúmọ́, mo rò pé ó dáa. Dókítà ní kí n ra èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó ní wáyà tí a lè gbé sórí ibi tí ẹran ń jókòó sí gan-an. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé e síbẹ̀. 31. Níbi tó yẹ kó wà láàárín 38 sí 42. Ọ̀rinrin inú ilé rẹ̀ jẹ́ 68 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 30 sí 40. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú gíláàsì yẹn, mo wo aṣọ tí mo sá, mi ò sọ̀rọ̀ kankan. Mo dìde, mo kó aṣọ kúrò.

Wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀, wọ́n fi omi díẹ̀ ṣan ọ̀nà èémí rẹ̀ láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á, wọ́n wọ̀n ọ́n. 371 gíráàmù. Ìwé tí ọmọ mi ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ní 418 ló jẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìwé yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí mo sọ fún dókítà lọ. Síkéèlì kíṣìnnì lásán ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ gbé abọ́ sí i, ẹ gbé ẹran sínú abọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojú lè tàn yín jẹ, gíráàmù ò ní tàn yín.

Oògùn tí dókítà yàn fún tiwa, ceftazidime, abẹ́rẹ́ ni, wákàtí 72 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mò ń dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ìtọ́jú ṣe ń lọ ni o, kì í ṣe kí ẹnikẹ́ni lọ wá a. Ó lè jẹ́ òmíràn ni ó máa bá tiyín mu. Ó lè má jẹ́ kòkòrò bakitéríà rárá, ó lè jẹ́ irú olú tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní fungus, ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, aràn máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, abo tí ẹyin kún inú rẹ̀ náà lè máa mí gúlegúle. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́ mi bí a ṣe ń gún un nílé. Ọmọ mi fi táwẹ̀lì wé e, orí nìkan ló yọ síta, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èmi tí mo ti bímọ méjì. Ọmọ yẹn ń sọ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti fẹ́ tán." Jẹ́jẹ́ ò tilẹ̀ jà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí èyí tí ara rẹ̀ le máa ń jà.

Ohun kan tí dókítà sọ tí mi ò ní gbàgbé ni pé oògùn yẹn ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú ara tútù. Ẹ lè gún un ní abẹ́rẹ́ tó wọ́n jù lágbàáyé, tí ara rẹ̀ ò bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ ò ní gbé e kiri dáadáa, ara rẹ̀ ò sì ní lè ran oògùn lọ́wọ́ láti bá kòkòrò jà. Ooru ni ìdajì ìwòsàn. Ó ní kí n mú ooru ibi tó ti ń yá oòrùn padà sí 40, kí n má jẹ́ kí òru rẹ̀ já wálẹ̀ ju 25 lọ títí oògùn á fi parí. Tí ara rẹ̀ bá dá, òru lè tutù díẹ̀, kó má kàn ti lọ sísàlẹ̀ 18. Gílóòbù amọ̀ tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ la ń lò lóru, kó lè rí òkùnkùn sùn, a sì so ó mọ́ thermostat tó ń pa á tó ń tan án fúnra rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí òkúta gbígbóná tí wọ́n ń tà yẹn, tó ń fi iná mànàmáná gbóná láti abẹ́, ó ti jó ikùn ọ̀pọ̀ ẹran, wọn kì í tètè mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ àwọn ń jó àwọn.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àwọn ará ilé wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ẹbí lórí WhatsApp, oríṣiríṣi ìmọ̀ràn ló wọlé. Fi Róòbù pa á láyà. Gbé e sínú yàrá ìwẹ̀, ṣí omi gbígbóná, kí ooru omi wọ imú rẹ̀. Ampiclox wà lọ́wọ́ mi tí mo kó láti Èkó, pín kápúsù kan sí mẹ́rin. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má ṣe é. Róòbù máa jó awọ rẹ̀, òórùn rẹ̀ á tún wọ ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀. Ooru omi, ọ̀rinrin náà ni, ohun tó fi ṣàìsàn lẹ tún ń bù sí i. Tí dókítà bá fẹ́ kó fa oògùn símú, ẹ̀rọ nebulizer ló máa fi ṣe é, pẹ̀lú ìwọ̀n. Oògùn èèyàn sì rèé, ẹran 371 gíráàmù, ta ló fẹ́ mọ ìwọ̀n kápúsù fún un? Oògùn tí kò tó máa ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe ye é ni. Òfin ibí náà ò gbà kí èèyàn fún ẹran ní antibiotic láìjẹ́ pé dókítà ẹranko kọ ọ́.

Omi. Ẹ má fi sírínjì tẹ omi sí i lẹ́nu. Ihò tó fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an, iwájú báyìí, kò jìn sínú bíi tiwa, omi tí ẹ bá fipá tẹ̀ sí i á ya síbẹ̀ wéré, òtútù àyà míì lẹ ti fún un yẹn. Ẹ kán ọ̀kan sí i létí ètè, ẹ dúró, kó fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀, ẹ kán òmíràn. Oúnjẹ náà bẹ́ẹ̀, ẹ má fipá bọ́ ẹran tí ara rẹ̀ tutù, kò ní dà nínú rẹ̀, á jẹrà síbẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó gbóná ná.

Tí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nínú òtútù, páálí kékeré ló dáa, rọ́bà omi gbígbóná tí ẹ ti fi ìró tàbí táwẹ̀lì wé dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ kan, kó lè sún kúrò níbẹ̀ tó bá gbóná jù. Ẹ ya fọ́tò ilé rẹ̀ dání, gbogbo igun, pẹ̀lú nọ́ńbà tẹmómítà. Ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà dání nínú ọ̀rá. Tí ẹran méjì bá wà nílé, ẹ tètè yà wọ́n, kódà kò yẹ kí wọ́n jọ máa gbé tẹ́lẹ̀, ẹran àdágbé ni.

Iná UVB tí dókítà bi mí yẹn, mo ti lò ó fún ọdún méjì. Ó ń tàn, mo sì rò pé ohun tó ń tàn ló ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ lè wà kí agbára UVB inú rẹ̀ ti tán, oṣù mẹ́fà sí méjìlá ni wọ́n máa ń ní ká pààrọ̀ rẹ̀, ó dá lórí irú èyí tí ẹ rà. Oòrùn ojú fèrèsé ò lè dípò rẹ̀ torí gíláàsì ń dí UVB lọ́nà. Láìsí i, calcium tí ẹ ń bù sí oúnjẹ rẹ̀ ò ní wọ egungun, ẹran tí egungun àti iṣan rẹ̀ ti rọ, kí ló fẹ́ fi gbé ìhà sókè láti mí?

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ti àwa èèyàn. Salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ wọn kódà tí wọ́n bá le koko. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má fọ abọ́ rẹ̀ ní síǹkì tí ẹ ti ń fọ ẹ̀fọ́. Tí ọmọ tí kò tó ọdún 5 bá wà nílé, tàbí ìyá àgbà tí ara rẹ̀ ò le, ẹ dákun ẹ fi ọ̀rọ̀ alángbá sílẹ̀ ná, àwọn elétò ìlera ò fọwọ́ sí i, èmi náà ò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí níbi ìpàdé pé ta ló máa tọ́jú rẹ̀ tí a bá lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kérésì, ìbéèrè tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Kì í ṣe ẹni tó máa ju ẹ̀fọ́ sí i nìkan lẹ ń wá. Ẹni tó máa ka tẹmómítà lójoojúmọ́ tó sì máa fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ni, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ owó sí mítà yín, torí tí iná bá kú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá nínú ilé tí kò sí èèyàn, ọjọ́ méjì péré ti tó.

Bàbá kan náà dìde, wọ́n ní àwọn ò ní í parọ́ fún mi, pé owó tí mo ná yẹn lórí alángbá, tí kò sí NHS, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ìjọba, fún ẹran, ṣé kò sàn ká jẹ́ kó lọ ní tirẹ̀? Mo ní ẹ ṣeun sà, ọ̀pọ̀ ló ní in lọ́kàn tí wọn ò lè sọ ọ́. Òfin kan wà níbí, Animal Welfare Act ti ọdún 2006, ó ní ẹni tó bá ń sin ẹran gbọ́dọ̀ pèsè ohun tó nílò, kó sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbé òfin tì. Ẹran yẹn ò wá bá mi nílé. Èmi ni mo lọ mú un, tí mo gbé e síbi tí kò ti lè sáré lọ bá oòrùn fúnra rẹ̀, mo fi gíláàsì yí i ká, mo wá mú súwíìṣì oòrùn rẹ̀ sọ́wọ́ ara mi. Tí mo bá pa iná yẹn, kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Bàbá yẹn mi orí, wọ́n jókòó, wọ́n ní ó yé àwọn. Ní ti owó, ìnṣọ́ránsì wà fún ẹranko afàyàfà, ẹ béèrè rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Tí ẹ bá ṣírò owó iná, owó gílóòbù àti owó dókítà, tí ẹ rí i pé apá yín ò ká a, ẹ sọ fún ọmọ pé rárá. Ọmọ á sunkún, á sì dákẹ́.

Jẹ́jẹ́ gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìfófòó imú rẹ̀ lọ ní kíákíá, èmi fẹ́ dáwọ́ dúró, dókítà ní rárá, ó ní X-ray ló máa sọ fún wa, kì í ṣe imú. A parí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá ọmọ mi ní ìkúnlẹ̀ níwájú gíláàsì, ó ní kí n má sọ̀rọ̀, ó tọ́ka. Eéṣú kan wà lórí òkúta, Jẹ́jẹ́ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó títí, ó sì mú un. Ìwọ̀n rẹ̀ báyìí jẹ́ 402.

Mi ò gbé e wá síbí lónìí, ẹ wo bí ìta ṣe rí. Ṣùgbọ́n fídíò méjì wà lórí fóònù mi. Èyí àkọ́kọ́, mo gbà á ní alẹ́ tí mo fi etí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, ohùn bí igi gbígbẹ yẹn wà níbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ wá gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní in nílé, torí gbọ̀ngán yìí ń pariwo, kò ní yé yín láti ibi tí ẹ jókòó sí. Èyí kejì, òwúrọ̀ àná ni mo gbà á, fóònù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìhà rẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má ní kí n yí ohùn sókè o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.